Gọ́ọ̀mù wo ni kí n rà fún gíláàsì iwájú 504 bàbá mi?

Ọmọ Arákálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Peugeot 504 tí bàbá mi rà ní 1982 ló wà lọ́wọ́ mi, lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Bàbá ti lọ, ọkọ̀ yìí ló kù tí a fi ń rántí wọn nílé, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, mò ń bọ̀ láti Iléṣà, kò pẹ́ tí mo kúrò ní Ìgbàrà-Òkè ni tírélà kan ta òkúta sí gíláàsì iwájú. Kò fọ́ dànù, ṣùgbọ́n ó sán láti igun ọ̀tún wá dé ọ̀kánkán ojú mi. Mo ti rí tòkunbọ̀ tó mọ́ rà. Gọ́ọ̀mù ni mo há sí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ bá ní Oyèmẹ́kùn ní kí n lọ ra sílíkónì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé ń lò, pé ọ̀pá méjì ti tó. Mẹkáníìkì mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì Corolla ni kí n rà. Owó ẹ̀ ju ti sílíkónì lọ dáadáa, àmọ́ owó kọ́ ni mò ń rò. Omi ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ọdún tó kọjá lòjò ti ń wọ inú ọkọ̀ yìí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí mo bá fi ọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún níwájú, omi á yọ láàárín ìka mi. Ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù.

Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n rà?

Káyọ̀dé Alágbàká

Ẹ̀gbọ́n, gọ́ọ̀mù dúdú ni o. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti fi lẹ ti Corolla mi, ẹ̀kán omi kan ò wọlé rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kó lè mú.

Bàbá Onígíláàsì, Èkìmọ̀gún

Ọmọ mi, kú ìrójú. Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún bàbá. Láti 1979 ni mo ti ń fi gíláàsì sí ọkọ̀ nínú ìlú Oǹdó níbí, 404 àti 504 ni mo sì fi kọ́ṣẹ́. Má ra sílíkónì. Má sì ra gọ́ọ̀mù dúdú.

Ohun tí Káyọ̀dé sọ dára fún Corolla. Corolla ò ní rọ́bà tó di gíláàsì mú. Gọ́ọ̀mù yẹn, polyurethane lórúkọ ẹ̀, òun gan-an ló so gíláàsì mọ́ irin, tí gíláàsì fi di ara egungun ọkọ̀. Bí àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú èrò bá bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá, ara gíláàsì yẹn ló ń fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ mú ṣinṣin.

504 ò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1968 tí wọ́n ti gbé e jáde, rọ́bà ló di gíláàsì ẹ̀ mú. Rọ́bà yẹn ní kòtò méjì: ọ̀kan gbé etí gíláàsì mì, èkejì gbé etí irin mì. Bí rọ́bà bá pé, tó sì rọ̀, gíláàsì ò lè bọ́ bó o bá tiẹ̀ gba ojú ọ̀nà Òwènà lójoojúmọ́. Iṣẹ́ gọ́ọ̀mù níbẹ̀ ò ju kó dí àlàfo wẹ́rẹ́ tó wà láàárín rọ́bà àti gíláàsì, àti láàárín rọ́bà àti irin, kí omi má rí ọ̀nà. Èyí tí kì í le ló yẹ ọ́, tó máa ń rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù tí èèyàn ti jẹ. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, sọ fún wọn pé ti gíláàsì onírọ́bà lo fẹ́, kó o sì fojú ara ẹ wò ó lára ọ̀pá ẹ̀ pé wọ́n kọ non-hardening síbẹ̀.

Tó o bá fi gọ́ọ̀mù dúdú sínú rọ́bà, á mú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òkúta mìíràn bá tún bà á, ọ̀bẹ lo máa fi gé e, rọ́bà á ya, ọ̀dà á bó. Àwọn kan tiẹ̀ ń yọ rọ́bà dànù, wọ́n á lẹ gíláàsì mọ́ irin ní tààrà. Ìyẹn ló burú jù. Wo gíláàsì Corolla, wàá rí ọ̀já dúdú tí wọ́n kùn yí etí ẹ̀ ká. Ọ̀já yẹn ló ń gba oòrùn dúró kó má ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Gíláàsì 504 mọ́ gaara dé etí, oòrùn á máa jẹ gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣí.

Owó tó o fẹ́ fi ra gọ́ọ̀mù olówó gọbọi, fi ra rọ́bà tuntun. Fi èékánná tẹ rọ́bà tó wà níbẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá le bí awọ bàtà gbígbẹ, tó sì sán wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, o ti rí ibi tí omi ń gbà.

Pé gíláàsì ẹ sán tí kò fọ́ túútúú, gíláàsì méjì ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́ sáàárín. Rí i dájú pé irú ẹ̀ ni tòkunbọ̀ tó o rà. Wọ́n máa ń kọ laminated sí igun ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró

Àbúrò, fetí sí Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sílíkónì, nítorí ojú mi rí i. Ìjàpá mi ni, wọ́n fi sílíkónì dí gíláàsì ẹ̀ yípo. Bí wọ́n ṣe ń fi sí i ló ń rùn kíkan, tí imú ń ta mí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ásíìdì ló ń yọ jáde lára ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, àti pé ibi tí ọ̀dà bá ti họ lára irin, ìpẹtà ló ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Lókè, ó ń dán, ó mọ́. Lábẹ́, omi tó bá ti wọlé ò rọ́nà jáde mọ́.

Ọdún kejì la ṣí i. Mo fi ìka kan etí irin nísàlẹ̀ gíláàsì, ìka mi sì wọlé, bí ìgbà tí ikán ti jẹ páálí. Ẹni tó tún bọ́dì ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ha sílíkónì kúrò, torí ibi tó bá ti kù, ọ̀dà tuntun ò ní mú. Ó ń sá ni.

Ọmọ Arákálẹ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Mo ti rí rọ́bà tuntun àti gọ́ọ̀mù tí kì í le rà. A ṣí gíláàsì lónìí. Ìpẹtà wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ihò méjì, ọ̀kan gba orí ọmọ ìka mi. Wọ́n ní kí n fi pọ́tì dí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Onígíláàsì, Èkìmọ̀gún

Má ṣe é. Pọ́tì ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ẹ̀. Jẹ́ kí wẹ́dà gé ibi tó ti jẹra, kó fi páànù tuntun lẹ̀ ẹ́. Ẹ ha ìpẹtà tó kù títí irin á fi funfun, ẹ fi práímà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún, kí ẹ tó kun ọ̀dà. Kó gbẹ dáadáa o, má kánjú níbẹ̀ rárá.

Nígbà tó o bá fẹ́ fi gíláàsì sí i, orí tábìlì tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ni kó o ti fi rọ́bà wọ̀ ọ́. Tí tìrẹ bá ní ọ̀já irin dídán tó máa ń yí gíláàsì ká, ìgbà yẹn ni kó o fi sínú rọ́bà. Wá mú okùn tó lágbára, tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò tó máa gbé irin mì, yí i ká pátá, kí orí méjèèjì pàdé láàárín nísàlẹ̀, kí wọ́n sì kọjá ara wọn dáadáa. Omi ọṣẹ ni kó o fi pa etí irin. Má fi epo tàbí gírísì, rọ́bà kórìíra wọn. Ẹnì kan á dúró síta, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì. Ìwọ á wà nínú ọkọ̀, wàá máa fa okùn wá sọ́dọ̀ ara ẹ díẹ̀díẹ̀. Bí okùn bá ṣe ń jáde ni wàá máa rí ètè rọ́bà tó ń fò kọjá etí irin, tó ń dún pọ́ọ̀, pọ́ọ̀. Ibi tó bá há, dúró kí ẹni tó wà níta tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì kì í gba agídí.

Tó bá wọlé tán, ìgbà yẹn ni gọ́ọ̀mù. Gbé ètè rọ́bà sókè pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ, kó o fi ẹnu ọ̀pá tọ́ ọ sábẹ́ ẹ̀. Èyí tó bá yọ síta, fi àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún kúrò kíá.

Kó o má gbàgbé: wo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nísàlẹ̀ gíláàsì. Bí ewé igi bá ti dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì á ṣì máa tutù, wàá sì máa bú gíláàsì tí ò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Arákálẹ̀

Bàbá, ẹ̀kúnwọ́ méjì ewé fúrúùtù tó ti jẹrà ni mo kó jáde nínú ihò yẹn. Abẹ́ igi fúrúùtù ni bàbá mi máa ń gbé ọkọ̀ sí.

Gíláàsì ti wọlé. Àná lòjò rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì láti alẹ́. Mo gbé e láàárọ̀ yìí, ó ń dún wọ́ra-wọ́ra lọ́wọ́ mi. Ìyá mi bọ́ sínú ọkọ̀ náà, wọ́n fi ọwọ́ pa ilẹ̀ ẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ó ku igun òkè lọ́wọ́ òsì tí ọ̀já dídán ò jókòó dáadáa. Ṣé kí n gbé e wá sí Oǹdó kí ẹ bá mi wò ó?

Bàbá Onígíláàsì, Èkìmọ̀gún

Gbé e wá ní Sátidé. Má fi sukudiráífà kàn án kó o tó dé.