Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò ní bá mi wọ ihò inú omi mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọlọ́sùnta
Èkìtì kete, ẹ kúulé o. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a ti jọ ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkéré níbí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, pálọ̀ mi ló sùn fún oṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò. Èmi náà ni mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ mímòòkùn ní Florida, torí èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe mòòkùn ti ọmọ odò o. Èyí tí èèyàn máa ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn ni, tí yóò wọ inú ihò àpáta tí omi kún dé àjà. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì, o ò ní mọ̀ pé omi lo wà, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ò ń fò.

Mo padà wálé láti tọ́jú ìyá mi, mo dá oko ẹja àrọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Adó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja mọ ohun tí owó oúnjẹ ẹja ti dà lóde òní. Síbẹ̀ mo tu owó jọ, mo gba físà, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Tulum ní Mẹ́síkò fún Oṣù Kejìlá, kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi lè jọ wọ ihò bíi ti àtijọ́. Wọn kì í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Aṣọ omi mi kò gbà mí mọ́, mo ti ní kí ẹnì kan bá mi ra òmíràn.

Àfi bó ṣe pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní, "Mi ò ní bá ẹ wọ ihò o, àfi tí o bá kọ́kọ́ lọ bá tíṣà fún ọjọ́ mẹ́rin, nínú adágún ìwẹ̀, lẹ́yìn náà nínú omi gbangba. Bí tíṣà bá ní o yege, ká wá sọ̀rọ̀." Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí! Èmi tí mo mú un wọ omi!

Láti ọjọ́ náà mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n wá ẹlòmíràn tí a máa jọ lọ ni, àbí kí n pa irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ tì pátápátá?

Ìyá Ìbejì Adó
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìwọ̀sí ni lóòótọ́. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi gbé ọ̀dọ̀ wa fún ọdún méjì, ọwọ́ mi ló ti jẹun tó fi rí iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe òkú ìyá mi, kò yọjú, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Fi ọ̀rẹ́ rẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọmọ Ìkọ́gósí
Ẹ má bínú sí mi o, kí lẹ ń wá nínú ihò? Ṣé wúrà wà níbẹ̀ ni? Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ẹ wá wẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ iyán, kí ẹ padà sílé láyọ̀.

Ajíhìnrere
Omi lẹ́mìí. Mo ti kìlọ̀. Ẹ gbààwẹ̀ kí ẹ tó dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ níbí.

Àdùkẹ́ Amòòkùn
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ Ìjerò ni mí, mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní mímòòkùn fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ń wọ ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ nǹkan kan. Ọdún wo lẹ wọ omi kẹ́yìn? Káàdì ẹ̀rí ẹ̀kọ́ mímòòkùn wo lẹ ní? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wọ ihò? Ṣé ara yín dá? Báwo sì ni ìgbà ìkẹyìn yẹn ṣe rí?

Ọmọ Ọlọ́sùnta
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ mi yé.

Àdùkẹ́, 2017 ni. Ara mi le koko, ẹ̀jẹ̀ mi kò ru, mo máa ń lúwẹ̀ẹ́. Mi ò sì gbàgbé nǹkan kan. Okùn gbọ́dọ̀ wà láti ìta títí dé ibi tí o bá dé. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan fún wàhálà. Ṣé ẹni tó gbàgbé ló ń ka èyí?

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Ọdún mélòó kan kì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tó gbọ́ èdè omi. Ṣé ẹ ti gbàgbé Harrison Okene ni? Ní 2013, ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú rẹ̀ dojú dé ní òkun wa níbí. Kúùkù ni, kò kọ́ mímòòkùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò nísàlẹ̀, ó sì jáde láàyè. Ọkùnrin, ẹ má fòyà.

Òṣìṣẹ́ Wárrì
Ọmọ Ọ̀yẹ́, ẹ fi Okene sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́ omi ni mò ń ṣe jẹun. Afẹ́fẹ́ há sínú yàrá kan nínú ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ló wà, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀. Àwọn amòòkùn tó kọ́ṣẹ́ dáadáa ló bá a níbẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ kó tó lè jáde sí gbangba. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kò yè. Ẹ ò lè fi ìyẹn ki ènìyàn láyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mítà 30 jẹ́. Agbára tó ń tẹni níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Sílíńdà tí ẹ lè fi mí fún wákàtí kan lókè, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni níbẹ̀. Bí àyà bá wá já, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Mo kàn ń gba ọkùnrin níyànjú ni. Kí ló wá fa ìbínú?

Òṣìṣẹ́ Wárrì
Mo ti gbé òkú jáde lábẹ́ omi rí. Ìyẹn ló fà á.

Ọmọ Ìjerò Mọ́remí
Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ lọ kọ́ ọ padà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ara líle kọ́ ni. Ní 2018, àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù 12 àti kóòṣì wọn há sínú ihò Tham Luang ní Thailand, gbogbo wọn jáde. Ṣùgbọ́n Saman Gunan, tó ti jẹ́ ológun ojú omi rí, tó wọlé lọ to sílíńdà afẹ́fẹ́ fún wọn, inú ihò yẹn ló kú sí. Ta ni nínú wa tí ara rẹ̀ le tó tirẹ̀?

Àdùkẹ́ Amòòkùn
Sà, ẹ ka òfin náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ló kà á, ọwọ́ kọ́ ni. Bí sílíńdà bá kún dé 3,000 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀ ń lo 1,000 wọlé, 1,000 jáde. 1,000 tó kù kì í ṣe tiyín, ti ẹnìkejì ni, torí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè bàjẹ́ níbi tó jìn jù lọ. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò wọ omi máa ń mí ju bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Afẹ́fẹ́ ta ni yóò máa jẹ? Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Tulum kì í ṣe Florida. Ọ̀pọ̀ ihò Florida, omi ń ti inú rẹ̀ tú jáde, bí ẹrẹ̀ bá rú, omi á gbé e lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ Tulum omi dákẹ́, ẹrẹ̀ á dúró sójú kan. Ọ̀nà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Omi iyọ̀ wà lábẹ́, omi dídùn wà lókè. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ojú á máa rí bàìbàì, bí ẹni wo nǹkan láti inú epo. Ọmọ Ìkọ́gósí, inú yín á dùn bí ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń mí.

Sheck Exley, ẹni tó yẹ ikú àwọn amòòkùn inú ihò wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kọ́ wa ní òfin okùn àti ìdá mẹ́ta tí ẹ kà yẹn, omi ló gbẹ̀mí òun náà, ní Zacatón ní Mẹ́síkò lọ́dún 1994.

Ẹ ò sì tíì dáhùn ìbéèrè mi tó kẹ́yìn.

Ọmọ Ọlọ́sùnta
Èmi kì í ṣe ọmọdé. Káàdì ìbẹ̀rẹ̀ ihò ni mo ní, mi ò tíì parí ti ńlá. Ọ̀rẹ́ mi ló ní ti ńlá, kò sì dáwọ́ ihò wíwọ̀ dúró láti ìgbà tí mo ti wálé. Mo ti wọ ihò ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá.



Ìyá Ìbejì Adó
Ẹ̀n-ẹ́n? Káàdì ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó kọ́ ọ parí, tí kò fi í sílẹ̀ rí, ló ní kó o lọ tún un kọ́, o wá ń bínú? O jẹ́ kí n ti bá ọ bú èèyàn tí mi ò mọ̀. O ò ṣe sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Mà, ẹ̀yin náà ló kọ́kọ́ sọ pé ìwọ̀sí ni.

Ìyá Ìbejì Adó
Mo ti kó o jẹ. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ọmọ Ìjerò Mọ́remí
Ọjọ́ mẹ́rin péré, mo tún sọ ọ́.

Ọmọ Ọlọ́sùnta
Aago kan òru kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ láti aago mẹ́wàá, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Iná fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Àdùkẹ́, ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n sùn.

Oṣù Kẹwàá 2017. Ihò kan ní àríwá Florida, nǹkan bíi mítà 27. A ti yí padà, à ń bọ̀ níta, ọ̀rẹ́ mi wà níwájú. Lẹbẹ rọ́bà ẹsẹ̀ mi gbá ilẹ̀, ẹrẹ̀ rú. Ó yẹ kí n ti di okùn mú kó tó rú tán, mi ò dì í mú. Mo na ọwọ́, àpáta ni mo bá. Tọ́ọ̀ṣì mi ń tàn, ṣùgbọ́n bí ẹni tàn án sínú ìkòkò ẹ̀kọ ni. Mo ń mí bí ajá tó sáré. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú.

Ó padà wá. Ó so okùn kékeré mọ́ okùn ńlá, ó ń fọwọ́ táràrà wá mi nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó kàn mí, afẹ́fẹ́ mi ti ń tán lẹ́nu. Ó fi tirẹ̀ sí mi lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ẹnì kan la fi jáde, èèyàn méjì.

Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé irinṣẹ́ ló bàjẹ́. Kò tú àṣírí mi rí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo kó ẹrù mi wálé. Ìyá mi ń ṣàìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Láti ìgbà náà, bí iná bá lọ tí yàrá ṣú biribiri, èémí mi á kúrú, màá di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ìyàwó mi rò pé ooru ni. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ nípa èyí. Mo rò pé bí mo bá tún wọ ihò pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí mo jáde fúnra mi, yóò lọ.

Ìyá Ìbejì Adó
Ọmọ mi. Jí ìyàwó rẹ, kó o sọ fún un. Má dá jókòó nínú òkùnkùn.

Òṣìṣẹ́ Wárrì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Mo mọ àwọn amòòkùn tó gbóná ju èmi lọ tí èyí bá jà. Kì í ṣe ojo.

Àdùkẹ́ Amòòkùn
Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Ẹ má wọ ihò kankan ní Oṣù Kejìlá, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Bí èémí yín bá kúrú nínú yàrá tí fèrèsé wà, kò sí tíṣà tó lè fi ọjọ́ mẹ́rin tún un ṣe. Ẹ rí dókítà, ẹ sọ ti òkùnkùn yẹn fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Lẹ́yìn náà omi tí kò jìn, lọ́sàn-án, ibi tí ẹ lè dìde dúró. Bó bá yá, ẹ ó so okùn mọ́ igi nínú àgbàlá, ẹ ó dijú, ẹ ó máa fọwọ́ tọ̀ ọ́, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, orí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ tún rántí òfin kan tí ẹ ò kà níjọ́sí: ẹnikẹ́ni lè dá ìrìn dúró nígbàkigbà, kò di dandan kó sọ ìdí, ẹnìkejì kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ọ̀rẹ́ yín lo òfin yẹn lórí fóònù, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi. Ẹ pè é.

Ọmọ Ọlọ́sùnta
Mo pè é láàárọ̀ yìí. Mo sọ ti tọ́ọ̀ṣì abẹ́ ìrọ̀rí fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já.

Ó ní ọjọ́ yẹn, nígbà tí a yọ sókè, 300 psi ló kù nínú géèjì afẹ́fẹ́ òun. Ó ní òun fi ọwọ́ bò ó kí n má bàa rí i. Ó ní òun náà kò bá ẹnikẹ́ni tó ní káàdì ìbẹ̀rẹ̀ wọ ihò mọ́ láti ìgbà náà, àti pé bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún mi ni òun kò mọ̀, ló fi jáde lẹ́nu òun bí ìbáwí. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù, ó kí mi, ó kí ìyá mi.

A ṣì máa lọ sí Tulum. Òkè omi la máa wẹ̀ sí, níbi tí oòrùn ń dé. Mo ti ní kí ẹni tó fẹ́ bá mi ra aṣọ omi dúró ná.

Ọmọ Ìkọ́gósí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sán gangan. Màá dúró sínú omi pẹ̀lú yín.