Irú ọ́ìlì wo ló yẹ ṣéènì ẹ̀rọ agégi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ẹ̀rọ agégi tó ń lo bẹntiróòlù. Ìwé tó bá a wá sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ṣéènì ni kí n máa rọ sínú táǹkì kékeré tó ń pọn ọ́ìlì sára irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́ìlì tí òun ń fà jáde nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òun lòun ń lò, pé kò sì ṣe ẹ̀rọ òun ní nǹkan kan. Níwọ̀n bí ọ́ìlì náà yóò ti dà nù sílẹ̀ náà ni, ṣé ìyàtọ̀ kankan tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Èsì kìíní

Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀. Ẹ kán ọ́ìlì ṣéènì sáàárín ìka méjì, kí ẹ sì la ìka náà: ẹ ó rí i tó ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí oje igi. Èròjà tó ń mú un lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀ ń sanwó fún. Bí a bá tẹ iná mọ́ ẹ̀rọ yìí dáadáa, ṣéènì a máa sáré tó nǹkan bí 20 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yìn irin ni ọ́ìlì ń gbà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí ní ṣóńṣó kó tó dé abẹ́, níbi tí ṣéènì ti ń jẹ igi. Èyí tí kò bá lẹ̀ yóò ti fò dànù ní ṣóńṣó yẹn, abẹ́ irin yóò sì máa gbóná láìsí ọ́ìlì.

Ní ti ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò, irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń ha pọ́ǹpù. Èyí tó burú jù ni pé àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣéènì ń fọ́n ọn sí yín lára.

Èsì kejì

Bí ọ́ìlì ṣéènì bá tán lójijì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tuntun, irú SAE 30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), lè gbà yín là fún ìgbà díẹ̀. Ibi tó bá tutù gan-an ń fẹ́ èyí tó ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣi ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ bẹntiróòlù mú fún un o, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Èsì kẹta

Ọ́ìlì tí wọ́n fi èso ọ̀gbìn ṣe náà dára, nítorí pé ó tètè ń jẹrà nínú ilẹ̀. Àmọ́ kì í fẹ́ ìdúró. Mo gbé tèmi jù sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ṣéènì lẹ̀ mọ́ irin gbagidi, àfi ìgbà tí mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì kó tó tú.

Oníbèéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ọ́ìlì ń dé ibi tó yẹ?

Èsì kìíní

Ẹ na ṣóńṣó irin sí ojú igi tí a ti bó, kó má kàn án, kí ẹ sì tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀. Bí ìlà ọ́ìlì kò bá hàn lára igi náà, ẹ tú irin náà, kí ẹ ro lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Bákan náà, bí bẹntiróòlù bá tán tí ọ́ìlì sì kún síbẹ̀, a jẹ́ pé ọ́ìlì kò jáde nìyẹn; ẹ má tíì gé igi mìíràn.