Orúkọ ilé àlejò ń ṣí ìkànnì àdìrẹ

Ọmọ Òròkí: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkànnì méjì ni mò ń bójú tó lórí sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde) ní Òṣogbo níbí, Ubuntu àti Apache 2.4, ètò tó ń fi ìkànnì han àwọn èèyàn, ló wà lórí ẹ̀. Adire.example jẹ́ ti ìyá kan tó ń ta àdìrẹ, ilealejo.example sì jẹ́ ti ilé àlejò kan. Ti àdìrẹ ò níṣòro. Ṣùgbọ́n téèyàn bá tẹ orúkọ ilé àlejò sórí fóònù, ìkìlọ̀ ààbò ló máa kọ́kọ́ yọ, tó bá sì tẹ̀síwájú, aṣọ àdìrẹ ló máa rí. Mo ti fi àṣẹ a2ensite tan àwọn méjèèjì, ServerName wọn (orúkọ ìkànnì nínú fáìlì ètò) sì pé. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, àwọn tó ń wá yàrá ti ń wọlé sórí ìkànnì báyìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Àdùkẹ́: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé DNS ilé àlejò, àkọsílẹ̀ tó ń darí orúkọ ìkànnì, ti ń tọ́ka sí sáfà yẹn?

Bàbá Ìbejì: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má bínú, kì í ṣe DNS. Bí DNS bá ṣìnà, kò ní dé sáfà yìí débi tí á ti bá àdìrẹ pàdé. Àlejò dé inú ilé, yàrá ló ṣì wọ̀. Àbúrò, ṣe `apache2ctl -S`, kí o lẹ gbogbo ohun tó bá gbé jáde síbí. Òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó fọwọ́ kan fáìlì kankan.

Ọmọ Òròkí: Ẹ ṣé, sà. Òun rè é:

```
*:443  adire.example (/etc/apache2/sites-enabled/adire-le-ssl.conf:2)
*:80   is a NameVirtualHost
  default server adire.example (/etc/apache2/sites-enabled/adire.conf:1)
  port 80 namevhost adire.example (/etc/apache2/sites-enabled/adire.conf:1)
  port 80 namevhost ilealejo.example (/etc/apache2/sites-enabled/ilealejo.conf:1)
```

Bàbá Ìbejì: Ó ti hàn. Orúkọ méjèèjì wà lórí pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) 80 tó jẹ́ ti http lásán, àdìrẹ nìkan ló wà lórí 443 tó jẹ́ ti https, èyí tó ní ààbò. Bí Apache ò bá rí ServerName tàbí ServerAlias (orúkọ àfikún) tó bá orúkọ tí wọ́n béèrè mu, virtual host (ètò ìkànnì kọ̀ọ̀kan) tó kọ́kọ́ kà lórí pọ́ọ̀tù yẹn ló máa lò. Láti Chrome 90, ní 2021, https ló sì máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú téèyàn bá tẹ orúkọ lásán. Sàtífíkéètì àdìrẹ, ìwé ẹ̀rí ààbò tó jẹ́ ti orúkọ mìíràn, ni fóònù bá níbẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń kìlọ̀. Ṣe èyí, kí certbot lè gba sàtífíkéètì fún ilé àlejò:

`sudo certbot --apache -d ilealejo.example -d www.ilealejo.example`

Lẹ́yìn náà, fi `apache2ctl configtest` yẹ fáìlì wò. Tó bá ti ní Syntax OK, reload (kó tún ètò kà) ti tó, má wulẹ̀ restart (pípa á kí o tún tan án).

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Kó tó ṣe é, kó rí i pé www wà nínú ServerAlias, kó sì wà nínú DNS; tí kò bá sí nínú DNS, certbot máa kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: kò dáa kí ọjà oníbàárà jẹ́ default, èyí tí Apache ń lò tí orúkọ ò bá mu. Ṣe fáìlì 000-default tó kàn ń dá 404 ("kò sí ojú ewé yìí") padà. Bí ábídí ni Apache ṣe ń to fáìlì kà, òun ló máa ṣáájú. Ti 443 náà nílò tirẹ̀, sàtífíkéètì tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe tó fún un.

Ọmọ Òròkí: Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ṣí! Òótọ́ ni, www ò sí nínú DNS, mo fi sí i kí n tó ṣe certbot. Àwòrán yàrá ló ń jáde báyìí, ìkìlọ̀ ti lọ. Ó ku 000-default ti 443, màá ṣe é lálẹ́ òní tí èrò bá ti dín kù. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.