Fọ́ǹtì wo ló ń gbé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin ní Kubwa, l'Ábújá níbí, la máa ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù, tí a fi ń ṣe ara wa ní yẹ̀yẹ́. Lánàá mo ya ewúrẹ́ kan tó wọ agbádá, tó dúró ní Berger, òógùn ti bò ó, ó ń pariwo pé “Ọkọ̀ mi dà?”

Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí mo lò nínú ibisPaint, áàpù tí a fi ń yàwòrán, sọ àmì orí “ọ̀” di àpótí kékeré. Mo yọ àmì náà kúrò, ló bá di “Ọkọ mi dà?” Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Wọn ò jẹ́ n sinmi!

Mo lo fọ́ǹtì Noto Sans, àmì pé, àmọ́ ó le koko bíi lẹ́tà ìjọba. Ẹ̀fẹ̀ kú síbẹ̀. Mo fọwọ́ fa àmì náà, ṣùgbọ́n bí mo bá sún ọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, àmì á dúró sẹ́yìn. “Ọ” àti “ẹ” lásán kì í yọ mí lẹ́nu. Tí àmì ohùn bá ti gun orí wọn ni wàhálà dé.

Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ wo, tó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́, ló ń gbé “ẹ́” àti “ọ̀” jáde pérépéré nínú ibisPaint lórí Android?