Ẹ gbà mí o, áàpù àjọ tí mo ṣe, àwọn ìyá ọjà ò rí i lò

Ọmọ Elélùbọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Under G ni mò ń gbé níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, iṣẹ́ áàpù ni mò ń ṣe. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, àwọn náà ni alájọ fún àwọn ìyá bí ọgbọ̀n lọ́jà yẹn, káàdì ni wọ́n ń fi bírò sàmì sí. Mo wá ní kí n ṣe áàpù tí kálukú á ti máa rí iye tó ti dá. Ó rẹwà o, kí n má purọ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé. Hà! Màmá mi tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn, wọ́n tún un tẹ̀, kò dáhùn, wọ́n bá fi agbára tì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn, ló bá ń béèrè bóyá kí òun pa orúkọ Ìyá Aláta rẹ́. Ni wọ́n bá fi ìka kan itọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ka owó, ojú fóònù rin, ló bá ń fò káàkiri fúnra ẹ̀. Wọ́n ní "gba fóònù ẹ, gbé káàdì mi wá." Ṣé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni àbí áàpù mi ni ò da? Fọ́tò ẹ̀ nìyí.

Atúnfóònùṣe Tákíè:
Kì í ṣe ọjọ́ orí o. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú fóònù ńlá kò dà bíi bọ́tìnì fóònù tọ́ọ̀ṣì, kò mọ agbára, iná díẹ̀ tí ara èèyàn máa ń gbé ló fi ń mọ̀ pé ìka kan òun. Bí awọ ìka bá ti gbẹ tó sì yi, bíi ti ẹni tó ti ń fọwọ́ bọ èlùbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò ní í tètè mọ̀ ọ́n. Bí omi bá sì wà níbẹ̀ ńkọ́, á máa rò pé omi yẹn náà jẹ́ ìka. Ti orúkọ tó fẹ́ parẹ́ yẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ni. Wọ Settings fóònù wọn, lọ sí Accessibility, wá "Touch and hold delay", gbé e sí Long. Kó o sì yọ ọ̀rọ̀ pípa nǹkan rẹ́ kúrò lára títẹ̀ pẹ́, ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ nìyẹn?
Bọ́tìnì ẹ ńkọ́? Google ní kó má kéré sí 48 dp (ìwọ̀n tá a fi ń wọn nǹkan lójú fóònù), bíi mílímítà 9 nìyẹn.

Ọmọ Elélùbọ́:
32 ni mo lò 🙈 mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wọlé sójú kan ni.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ mi, ojú ńkọ́? Láti bí 40 ọdún lọ ni lẹ́ńsì inú ojú ti ń le, ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn máa na ìwé jìnnà. Tó bá yá lẹ́ńsì ọ̀hún á pọ́n rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, búlúù àti àwọ̀ ewé á máa jọra. Ìwọ wá kọ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ eérú sórí funfun, fún ẹni tó jókòó sínú oòrùn ọjà. Mo wọ dígí mi, mo tún bọ́ ọ, mi ò rí nǹkan kan kà.

Tíṣà Akẹ́sán:
Mo ti pé 74, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rò pé orí wa ni ò gbé e. Ìlà kéékèèké mẹ́ta tó máa ń wà ní igun òkè yẹn, ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé ọ̀ṣọ́ ni, àṣé inú ẹ̀ ni gbogbo nǹkan sá sí! Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Kẹ́ ẹ sì fi àmì sórí Yorùbá yín. Mo rí "Da owo" nínú fọ́tò yẹn, ṣé kí n dá a ni àbí kí n dà á nù?
Ẹ̀rù owó ló ń bà wá, kì í ṣe ẹ̀rù fóònù. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, kó kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ẹ fẹ́ dá 2,000 náírà fún Ìyá Elélùbọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" kí ibi tí mo lè gbà padà sì wà níbẹ̀. Kóòdù tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ yẹn náà, kí n tó wá dígí, kí n tó kà á, kí n tó padà síbi tí mo ti ń bọ̀, wọ́n ní ó ti kú. Ọmọ ọmọ mi ló wá ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ó mọ PIN mi ju èmi fúnra mi lọ. Ṣé ó da bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Elélùbọ́:
Mo dọ̀bálẹ̀ sà. "Dà á nù" 😂😂 mo ti lọ tún un ṣe.

Ayàwòrán Áàpù:
Tó o bá ti fi àmì sí i, fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà, torí bí bọ́tìnì bá há, á gé àmì abẹ́ ẹ àti ọ dànù. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans ń gbé àmì wa dáadáa. Ìwọ̀n tó ń jẹ́ sp ni kó o fi wọn lẹ́tà, má lo dp, kó lè máa tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ṣètò títóbi lẹ́tà lórí fóònù wọn. Láti Android 14, lẹ́tà lè tóbi dé 200%, gbé e débẹ̀ kó o wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ò ní í já bọ́ síta. Ti àwọ̀, WCAG, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó wà kí gbogbo èèyàn lè rí ìkànnì lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ 4.5 sí 1, ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì:
Kí ló dé tó ò ṣe ti àgbà lọ́tọ̀, kí tàwọn ọ̀dọ́ náà wà lọ́tọ̀?

Tíṣà Akẹ́sán:
Lọ́tọ̀ kẹ̀? Àwọn ọmọ mi ra fóònù àgbà fún mi rí, nọ́ńbà ńláńlá. Inú àpótí ló wà. Kò lè gba fọ́tò, èmi náà fẹ́ rí àwọn ọmọ ọmọ mi.

Atúnfóònùṣe Tákíè:
Bọ̀dá, kó o tó tún un kọ, yà á sórí páálí, gbé e fún wọn, kó o pa ẹnu mọ́. Má tọ́ka. Ìka wọn ni kó o máa wò.

Ọmọ Elélùbọ́:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Mo ya á sórí páálí. Èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó ṣáá. Mo wá ya káàdì àjọ fúnra ẹ̀, àpótí 31 bó ṣe wà lọ́wọ́ wọn, kí n tó sọ̀rọ̀ Ìyá Aláta ti ń fi ìka kà á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àpótí 31 ò lè tóbi lójú fóònù, mo wá ṣe é pé wíwò nìkan ni àwọn yòókù wà fún, tòní nìkan ló tóbi gbàǹgbà nísàlẹ̀, òun nìkan ni wọ́n lè tẹ̀. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí, màmá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dáhùn!
Ṣé ẹ mọ ohun tó wá ṣẹlẹ̀? Ìyá Aláta ka ti wọn lórí fóònù tiwọn, wọ́n ní "Jímọ̀ tí òjò rọ̀ yẹn dà? Mo dá owó níjọ́ náà o." A yẹ káàdì wò, lóòótọ́ ni, màmá mi gba owó wọn, wọn ò sàmì. Bí ìyá mẹ́ta mìíràn ṣe na ọwọ́ nìyẹn, pé kí n ṣí tiwọn náà fún wọn. Màmá mi ti sàmì Jímọ̀ sí i o, àmọ́ látàárọ̀, "ẹ kú ọjà" nìkan ni wọ́n ń dá mi lóhùn.