Ẹ gbà mí o, kí ni mo fẹ́ máa sọ ní Balint group?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ CT1 psychiatry (ọdún àkọ́kọ́ tí dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ) nílùú ọba níbí, wọ́n ní dandan ni ká máa lọ Balint group lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ìpàdé tí àwa dókítà ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláìsàn wa. Èmi rò pé bíi wọ́ọ̀dù ráùn ni, mo ti múra dáadáa, oògùn tí bàbá kan tó jẹ́ aláìsàn mi ń lò, ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi, mo débẹ̀ wọ́n ní kí n pa ìwé dé kí n sọ ọ́ látorí. Mo sọ tán, wọ́n ní kí n sún àga mi sẹ́yìn kí n dákẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé n ò sí níbẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní ó jọ pé ẹ̀rù bàbá yẹn ń bà mí. Ẹ̀rù kẹ̀! Kò sẹ́ni tó bi mí ní diagnosis, ìyẹn àìsàn tó ń ṣe bàbá náà, rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń máàkì wa ni?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù kan sí portfolio ẹ (àkójọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ), CBDGA (Case-Based Discussion Group Assessment) ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ìdánwò. Ṣáà máa lọ déédéé kó o sì máa dá sí i. Dókítà Michael Balint, ará Hungary, àti ìyàwó ẹ̀ Enid ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ilé ìwòsàn Tavistock ní London láyé àwọn ọdún 1950, àwọn GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín dókítà àti aláìsàn ni wọ́n ń wá, diagnosis ní ibi tiẹ̀. Wọ́n ní kó o sún sẹ́yìn kó o lè gbọ́rọ̀ láìgbèjà ara ẹ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èmi ò gbádùn ẹ̀ o. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í tú inú ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀gá. N ò sọ ọ̀rọ̀ ilé mi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi túláàsì mú mi. Ẹni tó o máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni kó o mọ̀ ọ́n yàn, aláìsàn tó jẹ́ pé tó o bá ti rí orúkọ ẹ̀ báyìí, ṣe lo máa pòṣé.

Ẹni tó bèèrè: Hmm. Bàbá yẹn náà ni. Ó máa ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, tí mo bá ní dókítà ni mí, á ní òun ń dúró de dókítà gidi. N ò sọ yẹn níbẹ̀ sha, kò kan àìsàn ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Yẹn gan-an ni wọ́n ń wá! Kí lo máa ń ṣe tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bèèrè: Mi ò kì í fèsì. Mo kàn máa ń yára béèrè tèmi kí n kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ò ń sá fún un nìyẹn. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá náà ti ń ro àtipa ara ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹni tó bèèrè: Ah. Ṣé mo lè tún sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì: Sọ ọ́ jàre. Tó ò bá tiẹ̀ sọ ọ́, wọ́n máa bi ẹ́ pé bàbá yẹn ńkọ́.