Awò wo ni kí n rà fún jíjó páńẹ́ẹ̀lì fóònù?

Ọmọ Lágere:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Jíjó tí mò ń wí ni ká fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti fi so nǹkan mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, pátákó inú fóònù. Apá ojú lásán ò ká kapasítọ̀ 0402 (ẹ̀yà bíńtín orí páńẹ́ẹ̀lì) mọ́, ká má tíì sọ ti ẹsẹ̀ ẹnu ṣájà Type-C. Mo rí awò tí wọ́n ń dè mọ́rí, mo rí maikirosikóòpù USB tí wọ́n kọ "1000x" sí lára, mo sì rí maikirosikóòpù olójú méjì tó jẹ́ 7x sí 45x. Èwo ni kí n rà tí mi ò ní tún rà á lẹ́ẹ̀kejì?

Bàbá Páńẹ́ẹ̀lì, Iléṣà:
Àbúrò, fi 1000x yẹn sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni pé: tí nǹkan bá hàn kedere, báwo ni àyè àárín awò àti páńẹ́ẹ̀lì ṣe tó? Awò 10x táwọn aṣàtúnṣe aago ń fi sójú, sẹ̀ǹtímítà 2.5 péré ni tiẹ̀. Iṣẹ́ tó ti tutù ni wọ́n ń fi í yẹ̀ wò. Ibo lo fẹ́ ti áyọ́ọ̀nù gbà níbẹ̀?

Olójú méjì ni kó o rà. Òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá orí áyọ́ọ̀nù ti kan ẹsẹ̀ àbí ó ṣì wà lókè. Àyè abẹ́ rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ra awò àfikún 0.5x, lọ́ ọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀: àyè á lé ní 15, agbára á wálẹ̀ sí 3.5x sí 22.5x. Má kọminú sí ìyẹn. Mìlímítà 1 sí 0.5 ni 0402. 7x sí 10x tó o jó. 20x ni kó o fi wò ó bóyá lẹ́ẹ̀dì so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Tó o bá gbé e dé 45x láìsí àfikún, bíi mìlímítà 4 péré lò ń rí, ìwárìrì ọwọ́ díẹ̀ á sì dà bí ilẹ̀ ríri.

Ará Ṣábó:
Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ USB náà níṣẹ́ tiẹ̀: ẹ lè fi han oníbàárà ibi tó jóná. Jíjó ni kò dáa fún. Àwòrán rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọwọ́ ti kọjá kí ojú tó rí i. Awò tí wọ́n ń dè mọ́rí tó fún ṣíṣí síkúrù àti jíjó wáyà.

Kó má gbàgbé iná. Iná róbótó tí wọ́n ń fi yí ìsàlẹ̀ awò ká máa ń dán lórí lẹ́ẹ̀dì débi pé ibi tó sán ò ní hàn. Pa apá kan rẹ̀, tàbí tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Èéfín flux, ohun tá à ń fi sí i kí lẹ́ẹ̀dì lè mú dáadáa, á sì máa lẹ̀ mọ́ awò. Àfikún 0.5x yẹn ló ń gbà á sára, òun ni kó o máa tú nù: aṣọ awò tó mu ọtí isopropyl díẹ̀, má dà á sí i lórí. Lásìkò ọyẹ́, fi nylon bò ó tíṣẹ́ bá parí.

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣé gan-an ni. Awò ojú ni mò ń lò o, ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?

Bàbá Páńẹ́ẹ̀lì, Iléṣà:
Kò ní dí ọ. Ká rọ́bà etí ojú ìwòran rẹ̀ (ibi téèyàn ń fi ojú sí) sẹ́yìn, kó o sì rí i pé ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún aláwò. Gbé agbára rẹ̀ dé òkè pátápátá kó o tó yí kọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí nǹkan á fi hàn kedere. Wá dá a padà sí ìsàlẹ̀, kó o yí ojú ìwòran kọ̀ọ̀kan títí yóò fi hàn kedere. Bí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tó o bá yí agbára padà ni wàá máa tún kọ́ọ̀bù yẹn yí.